Fíìmù Tí Mo Fi Omi Sódà Fọ̀

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n lè fi ilé sílẹ̀ fún láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì dàgbà tó ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹni tó ló yẹ kí ọwọ́ ẹni kàn. Ìkìjà ni ilé wa wà, láàárín àwọn agboolé aláró, ìró olù, igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ aró, ló sì máa ń jí wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin agboolé kejì ti máa ń tẹ́ aṣọ sórí igi, tí wọn á máa lù ú kó lè dán: gbì-gbì, gbì-gbì. Bí ìró yẹn bá dákẹ́, a óò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti Láfẹ́nwá. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, yóò jáde láti inú yàrá pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé oòrùn ni yóò gbálẹ̀ fún wa ni?" Màá dìde, màá gbálẹ̀, màá pọnmi, màá sì ro láfún fún un, nítorí kò gbà rárá pé ẹni tó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ti jẹun. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn aró lára aṣọ tuntun, ọdún yẹn ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Akọ̀wé ni Bàámi ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ a máa gbé e lọ láàárọ̀, a sì máa gbé e padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku funfun lójú àti nírun, débi pé Màámi a máa kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, bàbá arúgbó." Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbà á lọ́kàn kì í ṣe ti Ewékorò. Ọjọ́ Sátidé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ń kó àwòrán àwọn ọmọge àtijọ́ jọ, irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn ọlọ́tí máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́mọdé: obìnrin tó wọ ṣòkòtò tàbí gáùn péńpé, tó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí, tó fọwọ́ lé ìbàdí, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n tún máa ń tẹ àwòrán bẹ́ẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Ti àwọn òyìnbó pọ̀ níta, kò wá ìyẹn. Tiwa ló ń wá, èyí tí àwọn onífọ́tò wa yà ní Abẹ́òkúta níbí àti ní Èkó. Ju fọ́tò lọ, nẹ́gátíìfù gan-an ló ń wá, fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Fọ́tò lọmọ, nẹ́gátíìfù nìyá. Bí ọgọ́rùn-ún fọ́tò bá jóná, tí ìyá bá wà láàyè, a óò bí òmíràn. Bí ìyá bá kú, ó parí."

Ọ̀dọ̀ àwọn opó àti ọmọ àwọn onífọ́tò tó ti kú ló ti ń rí wọn. Bí onífọ́tò bá kú nígbà náà, ilé ìyafọ́tò rẹ̀ a di ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, wọn a sì kó fíìmù rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kí òjò máa pa á, tàbí kí wọ́n fi dáná. Bàámi a wọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí Èkó nítorí páálí kan tó lè jẹ́ pé jíjẹrà ló ti jẹrà. Ẹ̀ẹ̀kan ló kó púpọ̀, lọ́dọ̀ opó onífọ́tò kan ní Láfẹ́nwá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń fi òwú nu wọ́n, tó ń mú wọn létí létí bí ẹni mú ìyẹ́ labalábá. Agolo bísíkíìtì ńlá kan ni ilé wọn. Ó rán àpò ìwé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì di ìrẹsì gbígbẹ sínú àkísà kékeré, ó fi í sínú agolo náà kí ọ̀rinrin má baà wọlé. Nọ́ńbà nìkan ló ń kọ sára àpò. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo ń bá àwọn ọmọ wí nítorí ìwé tí kò lórúkọ, ọ̀rọ̀ agolo yẹn máa ń wá sí mi lẹ́nu, màá sì gbé e mì.

Ilé kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn. Màámi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bó bá wọlé tí agolo ṣí sílẹ̀, a kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyàwó inú agolo. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò bá mi fọ abọ́ lónìí nínú yín?" Bàámi a rẹ́rìn-ín, a ní, "Wọn kì í jẹun, wọn kì í sì í jà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Bí Bàámi bá ti gbé agolo sórí tábìlì, Ìyá àgbà a dìde, a wọ yàrá rẹ̀ lọ, a sì pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rò pé nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé kò fẹ́ rí obìnrin tó wọ ṣòkòtò. Ọmọdé a máa rí ìdí fún ohun gbogbo, ohun tí kì í ṣe ni láti béèrè bóyá ìdí náà rí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ nípa iṣẹ́ Màámi, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti rí irinṣẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe. Láyé ìyá rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gé bátànì sára páànù. Màámi rí ọgbọ́n mìíràn dá. Fíìmù ẹ́síréè àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun inú ara, ló ń wá kiri. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi sódà tí a fi ń pa aró, dúdú ara rẹ̀ a rọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, a ṣí kúrò, rọ́bà inú rẹ̀ a sì mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ara rọ́bà yẹn ni Màámi ń gé bátànì sí, ó rọrùn láti gé ju páànù lọ. Èmi ni mo ń fọ fíìmù. Mo ní abọ́ tánganran kan tó ti ṣá létí, mo ní igi tí mo fi ń rò ó kí sódà má baà bó mi lọ́wọ́. Egungun àyà àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ ni mo ń fọ̀ nù lójoojúmọ́, n kò sì rò ó rí pé ara ẹnìkan ni.

Oṣù òjò ni Àlájà Sàlámátù wá sílé wa. Aláṣọ ni ní Ìtòkú, òun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àdìrẹ Màámi. Obìnrin ńlá ni, tó máa ń tú mi lẹ́rù lórí bó bá pàdé mi lọ́nà, tí yóò ní, "Ọmọ kékeré kì í ga bó bá ń ru báyìí." Lọ́jọ́ yẹn kò wá nítorí aṣọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn yàrá Ìyá àgbà, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àkànní," ó ń fi oríkì pe Bàámi, nítorí ó mọ̀ ọ́n láti kékeré, "ìyàwó onífọ́tò Láfẹ́nwá sọ fún mi pé ìwọ lo kó gbogbo fíìmù ọkọ òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Tèmi wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Àlájà wá sọ ọ̀ràn náà fún un. Nígbà tó wà lọ́mọge, kó tó lọ́kọ, ó ti wọ ṣòkòtò ya fọ́tò, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà. Ọ̀rọ̀ náà ti kú, ó ti sin ín, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti padà. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kan ní Kútọ̀ rí kàlẹ́ńdà àtijọ́ nínú ẹrù bàbá rẹ̀, ó gbé e kọ́. Ẹnìkan dá ojú Àlájà mọ̀. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọn a máa kígbe pé, "Àlájà oníṣòkòtò! Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ká rí i!" Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n so yìgì ọmọbìnrin rẹ̀, ìdílé ààfáà sì ni àwọn àna. "Mo ti bẹ onígbàjámọ̀, ó ti já a fún mi, mo ti fà á ya. Fíìmù rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ rẹ. Fún mi kí n sun ún."

Bàámi fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, n kò ní tẹ̀ ẹ́ láéláé, mo búra fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n pa á. Ohun tí a bá pa báyìí, kò sí ẹni tó lè jí i."

"Ojú ta ló wà níbẹ̀, Àkànní? Ojú rẹ ni àbí tèmi?"

"Tiyín ni, mà."

"Kí lo wá ń bá mi fà?"

Bàámi ní kó fún òun láyè kí òun rò ó. Àlájà fi etí ìbòrí rẹ̀ bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. N kò rí Àlájà tó ń sunkún rí. Mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ife omi tí wọ́n ní kí n gbé wá, omi náà ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Lónìí, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo mọ̀ pé Bàámi jẹ̀bi lọ́jọ́ yẹn. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀bi rẹ̀ kò sọ tèmi di ẹ̀tọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàámi wà ní Ewékorò, Màámi wà ní Ìtòkú, Ìyá àgbà ń sùn. Mo gbé agolo sọ̀kalẹ̀. Mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé wọn sókè sí oòrùn ojú fèrèsé. Ẹni tí kò bá wo nẹ́gátíìfù rí kò lè mọ bó ṣe ń dẹ́rù bani. Ohun gbogbo ló yí padà. Ojú a dúdú bí èédú, eyín a dúdú, irun a sì funfun báláú, débi pé gbogbo àwọn ọmọge yẹn dà bí arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí bí mo ṣe lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Ṣòkòtò ni mo ń wá. Mo rí i: obìnrin kan nínú ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kan lórí àpótí, ọwọ́ ní ìbàdí, fìlà òyìnbó lórí. Inú mi dùn. Mo pa agolo dé, n kò wo èyí tó tẹ̀lé e.

Omi sódà ti wà nílẹ̀. Mo rẹ ẹ́ síbẹ̀ bí mo ṣe ń rẹ àwọn yòókù. Kò pẹ́. Àpótí ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ojú. Mo fi omi ṣàn án, mo sá a sórí okùn pẹ̀lú bátànì Màámi, rọ́bà funfun kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo dá àpò ìwé rẹ̀ padà sáyè rẹ̀ ní òfìfo. Bí mo ti ń bọ̀ láti ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Àlájà, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Mà, a ti fọ̀ ọ́ nù." Ó gbá mi mọ́ra, ó gbàdúrà fún mi gùn. Ó rò pé Bàámi ló rán mi. N kò tún un ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ́wọ́ nígbà tí Àlájà wọlé, tòun ti ẹ̀rín àti abọ́ súyà tó fi ìwé bò. "Àkànní, o kú iṣẹ́ o! Ọlọ́run á bo àṣírí tìrẹ náà. O gbọ́ tèmi!"

"Kí ni mo ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tí o ní kí ọmọ wá sọ fún mi. Pé ẹ ti fọ̀ ọ́."

Bàámi wò mí. Mo wo oúnjẹ mi. Ó dìde láìyára, ó gbé agolo wá, ó sì yọ fíìmù kan síta, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Èyí tiyín rèé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án." Ó wá mú àpò ìwé tó ṣáájú rẹ̀. Ó fi ìka méjì ṣí i. Ó wo inú rẹ̀. Ó yí i dà lé àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni pé ohun tí kò sí níbẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, kì í ṣe sórí àga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó jókòó sí.

Àlájà wo èyí tó wà, ó wo àpò òfìfo, mo sì rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó di orí mú. "Yéè! Morẹ́nikẹ́!"

Ìlẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyá àgbà dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ ti òpó. "Ta lẹ pè?"

Orúkọ yẹn, n kò gbọ́ ọ rí nínú ilé wa. N kò mọ̀ pé Bàámi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́, pé Sàlámátù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, tí wọ́n pààrọ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo lẹ́yìn aṣọ títa. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí Morẹ́nikẹ́ kú nínú ìrọbí, tòun tọmọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí sàréè rẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo aṣọ àti fọ́tò rẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n sun wọ́n, kí ojú ìyá má baà máa rí ohun tí ọkàn kò lè gbé. Ọmọ kékeré ni Bàámi nígbà náà. Nígbà tó dàgbà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá fíìmù yẹn kiri, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá sun fọ́tò, nẹ́gátíìfù tó jẹ́ ìyá fọ́tò náà lè wà níbìkan. Gbogbo àwọn ọmọge inú agolo yẹn, ojú ọ̀nà ló ti pàdé wọn. Nígbà tó sì rí i ní Láfẹ́nwá, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń dúró de ìgbà tí Ìyá àgbà kò ní sí láyé mọ́, kí àṣà má baà bàjẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mo tọ́ka sí okùn níta. Bàámi kò nà mí. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tó jókòó sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán.

"O ti ní in láti ìgbà wo?"

"Ọdún kẹta rèé, Ìyá. Àṣà ni mo rò. Mo ní ẹ kò gbọ́dọ̀ rí i."

"Ta ló sọ fún ọ pé n kò fẹ́ rí i?" Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. "Bí o bá gbé agolo yẹn síta, màá wọlé lọ, nítorí mo rò pé bí mo bá jókòó tì ọ́, n kò ní lè mú ẹnu mi dákẹ́, màá ní kí o bá mi wá a. Mo ti gbàgbé imú rẹ̀, Àkànní. Mo rántí ohùn rẹ̀, mo rántí ìrìn rẹ̀. Imú rẹ̀ ni n kò rí mọ́. Ọmọ tí mo bí."

Àlájà ló dìde, ó mú fíìmù tirẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Bàámi. Mo rò pé yóò fà á ya. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ fún mi, ẹyọ kan ṣoṣo, lónìí." Bàámi kó ìwé àti omi oògùn tó fi ń tẹ fọ́tò wọ ilé ìdáná lọ, ó fi aṣọ dí fèrèsé, a sì dúró níta, kò sí ẹni tó lè jẹun. Nígbà tí fọ́tò náà gbẹ, Àlájà kúnlẹ̀ ti Ìyá àgbà, òun obìnrin tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, ó sì ń fi ìka tọ́ka.

"Ẹ wò ó, Ìyá. Ṣòkòtò náà nìyí, àpótí náà nìyí. Bó ṣe dúró náà nìyí, òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ọwọ́. Nígbà tí wọ́n mú tèmi fún kàlẹ́ńdà, ọjọ́ méje ló fi bínú sí mi. Ó ní imú òun ni kò jẹ́ kí wọ́n mú òun. Imú yín ni, Ìyá. Ó máa ń ráhùn pé imú yín lẹ fún òun."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí fọ́tò náà, ó fi bo ojú Àlájà, kó lè jẹ́ pé ara àti aṣọ nìkan ló kù, ó sì ń wò ó. Ó wò ó títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó tó.

Àlájà sun fíìmù tirẹ̀ nínú àgbàlá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi fọ́tò kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá àgbà. Láti Sátidé tó tẹ̀lé e ni Bàámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agolo rẹ̀ lọ bá àwọn tó ni ojú inú rẹ̀, àwọn tó ṣì wà láyé, ó ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Àwọn kan ní kó sun tiwọn, ó sun ún. Àwọn kan sunkún pé àwọn kò mọ̀ pé àwọn lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ orúkọ gbogbo wọn.

N kò rí ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí, èmi tí mo rí i kẹ́yìn, nítorí dúdú ni mo rí i, pẹ̀lú irun funfun. Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, a sì máa ń rò pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń rìn ni wọ́n ń sọ. Nínú ilé wa lọ́dún yẹn, Bàámi kò béèrè lọ́wọ́ Àlájà, kò béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èmi kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ló wà lọ́kàn olúkúlùkù wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá rò pé ẹ mọ ohun tí yóò dára fún ẹnìkan nínú ilé yín, ẹ dìde lónìí, ẹ lọ bi í.